Fáànù ààrò tí mo rà ní dọ́là 139

Mo ti fi fáànù yìí la ìgbà òtútù méjì kọjá, nítorí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀. Minnesota ni mò ń gbé, níbi tí òtútù ti lè bọ́ sí ìwọ̀n 25 Celsius nísàlẹ̀ òdo. Nínú ilé tí a rà, ààrò igi wà ní pálọ̀. Ẹni tó ta ilé fún wa ti ti àpótí irin tí à ń dáná sínú rẹ̀ bọ inú ààrò náà, fáànù sì wà lábẹ́ àpótí náà. Fáànù ọ̀hún ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ata tí òkúta há sí lẹ́nu.

Màmá mi tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní, "Ṣé ẹ ti di alágbẹ̀dẹ ni, tí ẹ gbé ẹwìrì sí pálọ̀?" Mo ní, "Rárá o, Màmá. Iná ni ẹwìrì ń fẹ́, èyí kì í fẹ́ iná." Afẹ́fẹ́ yàrá ló ń fà wọlé nísàlẹ̀, tó ń tì í gba ẹ̀yìn irin gbígbóná, tó sì ń tú u jáde lókè. Òun àti èéfín kì í pàdé. Bí ẹ bá gbóòórùn èéfín lẹ́nu fáànù, ẹ pe ẹni tó ń tún ṣímínì, ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, ṣe.

Mo ra òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ihò ìdè rẹ̀ kan ò bá ti àpótí wa mu, ọkọ mi ló lu òmíràn sí i, ó sì fi gbogbo ọjọ́ Sátidé ráhùn. Nígbà tí a dáná, fáànù ò dún. Mo rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, mo ti ń kọ lẹ́tà èébú. Àṣé ìwé ìlò rẹ̀ tó kéré bí orí èékánná ti sọ ọ́: thermostat rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ tó ní òòfà lẹ́yìn, gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ibi tó ń gbóná dáadáa. Ìwájú tó tutù ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó di ìgbà tí irin bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 49 Celsius kó tó jẹ́ kí fáànù yí, kó má baà fẹ́ òtútù sí wa lára. Mo gbé e sábẹ́ àpótí, ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́tà èébú di ìyà mi.

Bí mo bá yí fáànù sí ìwọ̀nba, ọ̀rọ̀ wa ń gbọ́ra. Bí mo bá yí i dé òpin, ẹ ó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Bí iná mànàmáná bá lọ, ó dákẹ́, ooru á kàn jókòó sẹ́nu ààrò.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ihò ìdè yẹn ló jẹ ìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, lóṣooṣù nígbà òtútù, tí ààrò bá ti tutù, ẹ yọ wáyà lára ògiri, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá abẹ fáànù tó ń yí, kí ẹ sì fi fákúùmù fa eruku. Eruku tó bá wúwo sí apá kan ló ń mú un gbọ̀n, tó sì ń jẹ mọ́tò. Bẹ́ríìn tèmi, ohun tí fáànù ń yí lé lórí, ti di pa, kò nílò òróró. Ti àtijọ́ ní ihò òróró méjì tí ẹnikẹ́ni ò bojú wò rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tú u, mo kó irun ajá tó tó ìkúnwọ́ jáde, mo sì kán òróró ẹ̀rọ díẹ̀ sí ihò méjèèjì. Ó ń yí jẹ́jẹ́. Mo ti dì í sínú páálí lábẹ́ ilé. N kò tíì sọ fún ọkọ mi.