Rélùwéè àtijọ́ tó ti Èkó gba Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà lọ Kánò: ta ló yẹ kó wọ̀ ọ́?

Ẹni tó ń kánjú, kó má wọ̀ ọ́. Ẹni tó lẹ́rù, tí ọjọ́ kan lójú ọ̀nà kò sì bí nínú, òun ló ni ín.

Ẹ má dá awakọ̀ lẹ́bi pé ó ń falẹ̀. Irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Ìdó l'Ékòó lọ́dún 1896, tó wọ Ìlọrin ní 1908, tó kan Jẹ́bà ní 1909, ipa ọ̀nà yẹn náà ló ṣì ń tọ̀. Ààyè àárín irin méjèèjì kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 lọ, ìyẹn mìlímítà 1,067. Owó ni Òyìnbó ń ṣọ́: irin tóóró lè yí òkè po, wọn ò ní gbẹ́ òkè náà. Kọ́nà wọ̀nyẹn ló ń jẹ wá níyà títí di òní, torí ọkọ̀ tó bá sáré wọ̀ wọ́n á yẹ̀ kúrò lójú irin. Nígbà tí ọkọ̀ èrò Èkó sí Kánò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Oṣù Kejìlá 2012, nǹkan bí wákàtí 30 ló ń lò lórí kìlómítà 1,126. Ẹ ṣírò ẹ̀: kò tó 40 ní wákàtí kan.

Irin ẹyọ kan sì ni. Sìtéṣọ̀n tó ní irin ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ọkọ̀ méjì ti lè yà fúnra wọn. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹrù bá kú láàárín Ọ̀fà sí Ìlọrin, tèrò tẹrù ló máa dúró dè é. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé ìyẹn ṣánlẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá kọjá Ìlọrin, Jẹ́bà ló dùn jù. Kí wọ́n tó parí afárá ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé rélùwéè sọdá Odò Ọya. Erékùṣù wà láàárín odò, torí náà afárá méjì lẹ máa gùn. Ọkọ̀ á rọra, irin á máa dún gìdìgìdì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Ṣé Èkó lẹ ń lọ? Ẹ wọ mọ́tò dé Ọ̀jọ́ọ̀ n'Íbàdàn, kẹ́ ẹ gbabẹ̀ lọ Mọníyà, níbi tí sìtéṣọ̀n rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn wà. Kìlómítà 157 ni rélùwéè náà, wọ́n ṣí i ní Oṣù Kẹfà 2021. Mìlímítà 1,435 ni fífẹ̀ irin ọ̀hún, ìwọ̀n tó ti ọwọ́ George Stephenson, onímọ̀ ẹ̀rọ rélùwéè, wá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò lè dé Ìlọrin láé: ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mìlímítà 368 fẹ̀ ju irin tiwa lọ.

Kẹ́ ẹ tó di ẹrù, ẹ bi ọ̀gá sìtéṣọ̀n bóyá ọkọ̀ èrò ń rìn lọ́sẹ̀ yẹn, kó má jẹ́ pé ọkọ̀ ẹrù nìkan ló ń kọjá. Ẹ mú omi, tọ́ọ̀ṣì àti kókóró dání. Mọ́ínmọ́ín á ti kan kẹ́ ẹ tó dé Mínà.