Kong Classic: rọ́bà pupa tó dín ariwo ajá mi kù, àti ibi tí agbára ẹ̀ mọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá nínú kọ́ńpáùn tí ẹ̀yin àti àwọn ayálégbé mìíràn jọ ń gbé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ra Kong Classic, nǹkan ìṣeré ajá tí wọ́n máa ń ki oúnjẹ sínú ẹ̀, fún Tanímọ̀la, ajá mi, ó ti pẹ́ díẹ̀, a sì ti lò ó dáadáa kí n tó wá kọ eléyìí, torí mi ò fẹ́ràn kéèyàn ra nǹkan lánàá kó wá máa yìn ín lónìí. Tó bá jẹ́ pé àìríṣe ló ń mú ajá yín gbó láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ lọ rà á, owó yín ò ní ṣòfò. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí ẹni tó ń kọjá níwájú géètì ló ń bínú sí, Kong nìkan ò lè dá a ṣe, màá sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Ẹni tí ò bá tíì rí i rí, rọ́bà pupa ni, ó le àmọ́ ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ téèyàn bá fún un mọ́wọ́, ó dà bíi bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n tò léra wọn, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè, inú ẹ̀ ṣófo, ihò wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa ki oúnjẹ sí. Tẹ́ ẹ bá jù ú mọ́lẹ̀, ẹ ò lè mọ ibi tó máa fò sí, ajá á kàn máa lé e kiri ni. Ará Amẹ́ríkà kan, Joe Markham, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Colorado, láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ajá kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ Fritz, Alsatian ni, òkúta ni Fritz máa ń rún lẹ́nu ṣáá títí eyín ẹ̀ fi ń bàjẹ́. Lọ́jọ́ kan Markham ń tún bọ́ọ̀sì Volkswagen ṣe, Fritz rí páàtì rọ́bà kan tó já bọ́ lára ẹ̀, ó gbé e, ó rún un, kò wo òkúta mọ́. Bí páàtì mọ́tò ṣe di nǹkan ìṣeré ajá nìyẹn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an torí pé Fritz ò ya olórí kunkun rárá, nǹkan tó máa fi ẹnu ṣe ló ń wá, ìgbà tó sì rí èyí tó dáa, òkúta tán nílẹ̀.

Gbígbó náà bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ajá kì í ṣàdédé gbó. Ó lè gbó torí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tí ò mọ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀rù, ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀ ń dùn pé ẹ ti dé, ó sì lè jẹ́ pé ó ti mọ̀ pé tóun bá ti gbó ẹ máa jáde, kódà kó jẹ́ pé ẹ wá jágbe mọ́ ọn ni, lójú tiẹ̀ ẹ ti dá a lóhùn nìyẹn o. Ajá tó ti dàgbà tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lóru, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran, ó lè jẹ́ pé nǹkan ń dùn ún. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa níbí ni ti àìríṣe. Ẹ wo bá a ṣe ń sin ajá ná. Ilẹ̀ mọ́, a tì í mọ́ kéèjì, kéèjì tó jẹ́ pé agbára káká ló fi lè yí ara ẹ̀ po níbẹ̀, a ò ní tú u sílẹ̀ àfi tílẹ̀ bá ṣú torí olè, kò rìn jáde, kò gbóòórùn nǹkan kan, a da ẹ̀bà sínú abọ́ fún un, kíá ó ti gbé e mì, ó tán. Kí wá ni kó fi gbogbo ọ̀sán yẹn ṣe? Ó di gbígbó.

Ibẹ̀ ni Kong ti wúlò. Oúnjẹ tí ì bá gbé mì lójú ẹsẹ̀, ó máa lá a, ó máa fi ẹsẹ̀ dì í mú, ó máa yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, lílá àti rírún yẹn gan-an sì máa ń jẹ́ kí ara ajá balẹ̀. Alẹ́ ni mo máa ń ki tèmi: ìrẹsì tó rọ̀, ẹja tí mo ti yọ gbogbo eegun ẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀, màá wá fi ẹ̀pà lílọ̀ dí ojú ihò ńlá, ẹ̀pà tí wọ́n bá yín lọ̀ lọ́jà tí ò ní ṣúgà tí ò ní iyọ̀, màá we náílọ̀nù mọ́ ọn, ó di inú fírísà. Tílẹ̀ bá mọ́ tó ti dì gbagidi, ìgbà tí mo bá fẹ́ jáde ni mo máa ń gbé e fún un. Ẹ má fún ajá tí ò lò ó rí ní èyí tó ti dì o, ó máa sú u, á fi í sílẹ̀, á padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Oúnjẹ tó ń tètè já bọ́ ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ọbẹ̀ tó ní àlùbọ́sà ò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ì báà jẹ́ tútù ì báà jẹ́ sísè. Eegun adìyẹ sísè náà ńkọ́, ó máa ń ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, á lọ gún ìfun ajá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston tó jẹ́ peanut butter inú ìgò lẹ máa lò, ẹ ka ara ìgò yẹn, tẹ́ ẹ bá rí xylitol lára ẹ̀, ìyẹn nǹkan dídùn tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà, tàbí birch sugar, nǹkan kan náà ni, ẹ gbé e jù sílẹ̀, díẹ̀ péré lè pa ajá.

Kí ló wá yí padà? Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti ti géètì báyìí ni Tanímọ̀la máa bẹ̀rẹ̀, á sì máa bá a lọ. Ní báyìí Kong ló máa dojú kọ, tó bá jẹ ẹ́ tán oorun ló kàn. Ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ pè mí, wọ́n ní, “Ajá ẹ ò gbó mọ́ láàárọ̀, ṣé ara ẹ̀ le ṣá?” Mo ní ara ẹ̀ le mà, wọ́n ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, pé oorun òwúrọ̀ àwọn ti padà.

Àmọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń kọjá, tàbí ọ̀kadà, tàbí tánkà omi, ó máa ju Kong sílẹ̀ ni, á sáré lọ síbi géètì. Gbígbó ti ibẹ̀ yàtọ̀, torí gbogbo ìgbà tó bá gbó ni ẹni yẹn máa ń kọjá lọ, lójú tiẹ̀ òun ló lé e, ó wá dà bí ẹni pé iṣẹ́ ẹ̀ ń yọrí. Mo ní kí wẹ́dà fi páànù dí ìsàlẹ̀ géètì kó má máa rí ẹsẹ̀ èèyàn mọ́, ìyẹn nìkan ti mú ìdajì wàhálà yẹn kúrò. Ìyókù, mò ń kọ́ ọ ní “Ó tó.” Tó bá gbó díẹ̀, màá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mi ò ní pariwo, màá dúró dè é, bó bá ti dákẹ́ báyìí ẹja kékeré ti dé ẹnu ẹ̀, nígbà tó yá mo ń jẹ́ kí dídákẹ́ yẹn pẹ́ sí i kó tó rí ẹja. Èyí tó ń gbó kẹ́ ẹ lè wo òun, ẹ má dá a lóhùn rárá, ariwo ẹ̀ máa kọ́kọ́ pọ̀ sí i kó tó dínkù, tẹ́ ẹ bá wá jáde lásìkò tó pọ̀ sí i yẹn, ẹ ti kọ́ ọ pé bó ṣe yẹ kó máa gbó nìyẹn. Ó ṣì ń gbó lóru tó bá gbúròó àlejò o, mi ò sì fẹ́ kí ìyẹn tán láé, ìdí tí mo fi ń sìn ín wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ajá tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó, kó wá Basenji, ajá ilẹ̀ Congo, ìyẹn náà ní ohùn tiẹ̀ tó máa ń fi hu.

Wọ́n máa ń bi mí nípa kọ́là tó ń jẹ́ kí iná gbé ajá lọ́rùn tó bá ti gbó. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ rà á. Ní Wales, òfin ti ká a lọ́wọ́ kò láti ọdún 2010. Ajá tó ń gbó torí ẹ̀rù, tí iná wá gbé e nígbà tó ń wo ọmọ kékeré kan, ọmọ yẹn ló máa rò pé ó ṣe òun, ọjọ́ tó bá ráyè ó lè bù ú jẹ. Ẹ̀rọ tó ń pariwo tí èèyàn ò lè gbọ́ náà ńkọ́? Ohùn tó bá ti tinrín kọjá nǹkan bí 20,000 Hz (bí wọ́n ṣe ń wọn ohùn nìyẹn), etí wa ò lè gbọ́ ọ mọ́, ti ajá kọjá 40,000, torí náà gbogbo ajá àdúgbò lẹ máa fìyà jẹ, àwọn kan á sì mọ́ ọn lára láìpẹ́. Wọ́n ní téèyàn bá fẹ́ pa ajá, á kọ́kọ́ fún un lórúkọ burúkú, ohun tá a ń ṣe nìyẹn tá a bá ń pe ajá tí ò ríṣe ṣe ní ajá wèrè ká lè rí àyè fi iná sí i lọ́rùn. Ó ń dùn mí gan-an.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Kong. Ìdí tí ò fi pé: ó wọ́n, bí dọ́là bá sì ṣe ń lọ sókè lòun náà ń tẹ̀ lé e. Féèkì pọ̀ lọ́jà, rọ́bà tó ń rùn fìì tí ajá máa já jẹ wẹ́wẹ́, ẹ ra ojúlówó. Èèrà! Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ láìfọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èèrà ti bò ó pátápátá, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ ìgò ọmọ ló lè dé inú ẹ̀. Tí kò bá sí iná lóru, kò ní dì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ajá tí àyà ẹ̀ ń já gan-an tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, tó ń da itọ́, tó ń họ ilẹ̀kùn, kò ní fẹnu kan oúnjẹ yẹn títí ẹ fi máa dé, ìyẹn gba kẹ́ ẹ máa jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kẹ́ ẹ padà, kẹ́ ẹ máa fi kún un ní díẹ̀díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mú èyí tó tóbi, èyí tó bá kéré lè há ajá lọ́fun. Pupa ni ti ajá tí eyín ẹ̀ ò le jù, dúdú ni ti àwọn ajá tí eyín wọn le gan-an, bíi Boerboel àti Rottweiler, èyí tó rọ̀ wà fún ọmọ ajá. Large ni Tanímọ̀la ń lò.