EA Sports FC 25: Àwọn Obìnrin Ti Wọlé, Àmọ́ Ìjókòó Wo Ni Wọ́n Fún Wọn?

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni géèmù bọ́ọ̀lù tí ilé iṣẹ́ EA ṣe yìí jáde. Ẹni tó bá ti dé àwọn ilé géèmù Agbowó tàbí Bódìjà ní Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe dùn tó, àwọn mìíràn ti sọ ọ́ sú wa. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tó ní fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó fẹ́ máa gbá a, yálà ní Queen Elizabeth tàbí Queen Idia, àwọn ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti fún ẹni tó fẹ́ fi géèmù kọ pròjẹ́ẹ̀tì. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn: Career Mode rẹ̀, ibi tí èèyàn ti ń jẹ́ kóòṣì ẹgbẹ́ kan láti sáà dé sáà, tó owó tí wọ́n ń tà á. Ultimate Team, ibi tí wọ́n ti ń kó káàdì agbábọ́ọ̀lù jọ, ẹ rọra.

Ọdún 2015 ni EA kọ́kọ́ fi obìnrin sínú eré yìí, nínú FIFA 16, nígbà tí eré náà ṣì ń jẹ́ FIFA. Orílẹ̀-èdè 12 ni wọ́n kó wọlé, ilẹ̀ Áfíríkà kò rí ẹyọ kan mú níbẹ̀. FIFA 23 ló gbé kílọ́ọ̀bù obìnrin dé, FC 24 sì da obìnrin pọ̀ mọ́ ọkùnrin nínú Ultimate Team. Ẹ wo ètò yẹn dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń fi owó gidi ra káàdì ni obìnrin kọ́kọ́ wọ̀. Career Mode, tí èèyàn ti lè jókòó jẹ́ kóòṣì ẹgbẹ́ kan fún sáà mẹ́wàá láìsan kọ́bọ̀ mọ́, di FC 25 kí wọ́n tó rántí wọn níbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko.

Nígbà tó dé, ó dé dáadáa. Líìgì 5 ló wà: WSL ti England, NWSL ti Amẹ́ríkà, Liga F ti Sípéènì, Frauen-Bundesliga ti Jámánì àti Première Ligue ti Faransé. Àwọn ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀. Asisat Oshoala wà ní Bay FC, Rasheedat Ajibade ní Atlético Madrid, Chiamaka Nnadozie wà lójú ilé fún Paris FC, Michelle Alozie sì wà ní Houston Dash. Sáà 2024/25 ló wà nínú sídì o, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bínú pé Ajibade ti lọ sí PSG tàbí pé Nnadozie ti wà ní Brighton.

Ibi tí ìyàn ti mú ni ìsàlẹ̀. Lọ́dọ̀ ọkùnrin, èèyàn lè mú ẹgbẹ́ League Two (líìgì kẹrin England), kó wọ́ ọ gòkè títí dé Premier League, àwọn tó fẹ́ràn Career Mode sì mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Lọ́dọ̀ obìnrin, WSL nìkan ló wà ní England, kò sí líìgì kankan lábẹ́ rẹ̀. Kò sí àgbéga, kò sí ìjábọ́ sí líìgì kejì. Ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn á tún bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun níbẹ̀ náà. Lẹ́yìn bíi sáà mẹ́ta, ó máa ń sú èèyàn. Líìgì 5 náà sì ni ọjà agbábọ́ọ̀lù, ojú kan náà lẹ máa máa rí. (Ti pé kò sí líìgì Nàìjíríà níbẹ̀, tí 3SC ti Ìbàdàn kò sì sí níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ ìyà yẹn.)

Ní ilé géèmù ńkọ́? Kick Off, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹyọ kan láàrín ẹni méjì, ni wọ́n ń gbá níbẹ̀, ẹni tó bá borí ló ń dúró. Nínú Kick Off, ẹgbẹ́ obìnrin kì í bá ẹgbẹ́ ọkùnrin gbá. Tí ọmọbìnrin kan bá mú Barcelona Femení, ẹni tó kù náà gbọ́dọ̀ mú ẹgbẹ́ obìnrin, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Madrid ká gbá a.” Ká tó dé ibẹ̀, wọ́n á ti kọ́kọ́ bi í pé bọ̀ọ̀dá wo ló wá dúró dè. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí àwọn mẹ́rin tàbí mẹ́fà jọ lọ ní ọ̀sán, kí èrò tó dé, kí wọ́n san owó wákàtí dípò owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, kí wọ́n sì ti bá ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ ọ́ pé líìgì obìnrin làwọn fẹ́ gbá. Kí wọ́n dán pádì wò kí wọ́n tó sanwó: ẹ fi í sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ń dá rìn, ìdí ọ̀pá rẹ̀ ti jẹ. Fífẹ́ atẹ́gùn sí i kì í tán án, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ariyanjiyan tó ń gbóná jù ni ti máàkì tí EA fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Aitana Bonmatí, agbábọ́ọ̀lù obìnrin Barcelona, gba 91, Haaland náà gba 91, àwọn ọkùnrin kan sì ń pariwo pé ìrẹ́jẹ ni. Wọn ò ka ìwé ọ̀rọ̀ náà tán. Láàrín obìnrin ni wọ́n ti ń díwọ̀n obìnrin, bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ọkùnrin láàrín ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó sọ pé Bonmatí yóò borí Haaland níbi eré sísá. Ẹni tí kò bínú pé káàdì agbábọ́ọ̀lù tó ti fẹ̀yìntì ń sáré ju ọmọ ogún ọdún lọ, kí ló wá ń dùn ún lára Bonmatí?

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ̀rọ̀ èébú ti máa ń burú jù. Kí orúkọ tí ẹ máa lò má jẹ́ orúkọ yín gan-an, kó má sì ní nọ́ńbà ìwọlé yín ní yunifásítì nínú. Lórí pádì PS5 (PlayStation 5), bọ́tìnì kékeré tó wà lábẹ́ bọ́tìnì PS ló ń pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná rẹ̀ á tàn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ yín. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Settings, Users and Accounts, Privacy, kí ẹ ṣètò pé ọ̀rẹ́ nìkan ló lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún ẹni tó fẹ́ fi í ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ọdún 2014 ni wàhálà GamerGate bẹ́ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ àwọn obìnrin tó wà nídìí géèmù. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Anita Sarkeesian, obìnrin tó ń ṣe àríwísí bí géèmù ṣe ń fi obìnrin hàn, fagi lé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ní Utah State University. Wọ́n ti halẹ̀ pé àwọn á yìnbọn níbẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ náà kò sì jẹ́ kí ọlọ́pàá dá ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìbọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Súpáfáísọ̀ tó bá ní géèmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, èyí tó láti fi dá a lóhùn.

FC 25 dára fún irú pròjẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Kí ẹ má kàn ka iye obìnrin tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ti pẹ́. Ẹ wo ohun tí obìnrin lè ṣe níbẹ̀ àti ohun tí wọn kò lè ṣe: mélòó ni líìgì, ibo ni àgbéga pin sí, kí ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ nígbà tí gólì bá wọlé. Bọ́tìnì Create lórí PS5, tàbí Share lórí PS4, lè tọ́jú ohun tí ẹ gbá títí dé ìṣẹ́jú 60 tó kọjá; 15 ni PS4 máa ń lò, àfi tí ẹ bá yí i padà. Ẹ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, obìnrin lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú gígùn àkókò àti ìpele líle kan náà, kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Ẹ má gbàgbé WORDOC, ibùdó ìwádìí àti àkọsílẹ̀ lórí obìnrin ní Institute of African Studies ní Yunifásítì Ìbàdàn, ohun tí wọ́n ti kó jọ níbẹ̀ lórí obìnrin lè fún iṣẹ́ náà ní ìpìlẹ̀ tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan.

Ní ti rírà: sídì PS4 ń ṣiṣẹ́ lórí PS5, bí PS5 náà bá ní ihò sídì. Àwọn tó máa ń gbá a lábẹ́ iná tó ń ṣe ségesège, kí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú Career sí ibi méjì. Tí iná bá lọ nígbà tó ń tọ́jú nǹkan, tí PS4 kò wá fẹ́ wọlé, ẹ pa á, kí ẹ di bọ́tìnì agbára mú títí ẹ ó fi gbọ́ pípù kejì, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 7. Ẹ fi wáyà so pádì mọ́ ọn, kí ẹ sì mú nọ́ńbà 5, Rebuild Database. Nọ́ńbà 7 kọ́ o. Ìyẹn á pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, títí kan sáà mẹ́rin tí Oshoala ti fi gbá gólì wọlé fún yín.