Ọdún mẹ́ta tí mo fi kọ́ fọ́tò yíyà ní sẹ́kọ́ńdìrì n'Ílọrin

Fọ́tò yíyà wà lára iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí ìjọba àpapọ̀ fi kún ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní ọdún 2011, WAEC sì máa ń ṣe ìdánwò rẹ̀ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ilé-ìwé kan níbí ní Ìlọrin ni mo ti kọ́ ọ. Kí n má parọ́, torí mo rò pé yóò rọrùn ju ìṣirò owó lọ ni mo ṣe mú un.

Ohun èlò ni mo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ibẹ̀ ló ti kù díẹ̀ káàtó. Àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a jọ ń lo kámẹ́rà méjì, bátìrì ọ̀kan sì ti wú débi pé ìdérí rẹ̀ kò pàdé mọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí táàmù tí wọn kò gba owó irinṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí wa. Gbogbo táàmù àkọ́kọ́ ni a fi ya inú kámẹ́rà sínú ìwé láìfọwọ́ kan ọ̀kan. Wọ́n ní f/2.8, ìyẹn ihò lẹ́ńsì tó fẹ̀, ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju f/16, ihò tó kéré, lọ. Mo há a sórí, mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo gba máàkì, kò sì yé mi.

Ọjọ́ tó yé mi, olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Alfa Fọ́tò bí wọn kò bá sí nítòsí, fi páálí àti ọ̀rá dúdú dí gbogbo fèrèsé kíláàsì, wọ́n wá fi ìṣó lu ihò kékeré kan sára páálí náà. Nígbà tí ojú wa mọ́ òkùnkùn, a rí géètì ilé-ìwé lára ògiri, ó dorí kodò, màígádì ń rìn lókè bí aláǹgbá tó lẹ̀ mọ́ àjà. Ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀: èyí tó ti òkè wá gba inú ihò já sí ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ sì bọ́ sókè. Wọ́n fi pẹ́ńsù fẹ ihò náà. Ògiri mọ́lẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n géètì di bàìbàì.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a jáde, sọ́dọ̀ àwọn ìyá tí ń mọ ìkòkò ní Dada, níbí ní Ìlọrin. Kámẹ́rà ti jáde kí ẹnikẹ́ni tó kí wọn, ni ọ̀kan nínú wọn bá dáwọ́ dúró: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ kì í kí èèyàn kí ẹ tó na gíláàsì sí i lójú ni?” A kúnlẹ̀, a kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Fọ́tò mi àkọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí ìyá náà kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Ojú ọ̀run ni kámẹ́rà fi wọn ìmọ́lẹ̀, ojú wọn wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo yí sí òdìkejì, mo fi 1/30 yà wọ́n, ìyẹn ni pé kámẹ́rà ṣí ojú fún ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá: ojú wọn hàn kedere, ọwọ́ tí wọ́n fi ń lu amọ̀ dà bí èéfín. Mo gbé e sí 1/500, tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ náà dúró gbagidi, èérún amọ̀ sì hàn lára ìka. Èyí ni olùkọ́ fẹ́ràn. Ti èéfín ni èmi mú, nítorí òun ló jọ iṣẹ́.

Alfa tún fi àwọn fọ́tò irun dídì tí J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968 hàn wá, wọ́n ní kí a wo bí ìpàkọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé máa ń yan irun ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún àwa ọmọbìnrin, nítorí náà a kò wá ohun tí a ó yà kiri: ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, pátẹ́wọ́, níwájú ògiri funfun kan náà. Fóònù olùkọ́ ni a lò.

Máa tún mú un bí wọ́n bá ní kí n yàn lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n kí òbí tó bá fẹ́ sanwó kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà náà jáde kí òun fojú rí i, kí ó sì bèèrè ìgbà mélòó ni àwọn ọmọ ń jáde ní táàmù kan.