Rílásà mild fún irun nílé: ti inú ike àbí ti inú páálí?

Bẹ́ ẹ bá ní kí àwọn tó ń ta nǹkan irun ní Balógun tàbí Tẹ́júoṣó fún yín ní rílásà mild, ìyẹn èyí tí agbára ẹ̀ ò pọ̀, méjì ni wọ́n máa gbé síwájú yín. Ti inú ike, wọ́n ti pò ó tán. Sodium hydroxide ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, sódà kan náà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Ti inú páálí, ìpara wà lọ́tọ̀, omi tẹ́ ẹ máa pò mọ́ ọn wà lọ́tọ̀: calcium hydroxide àti guanidine carbonate. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ "no lye", ìyẹn pé kò sí sódà nínú ẹ̀, sára páálí, òun náà lè bó èèyàn lórí.

Fún awọ orí tó máa ń tètè ta, páálí rọra jù, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Òórùn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ti páálí tẹ́ ẹ bá ti pò, èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dà á nù, kò ṣeé tọ́jú dìgbà míì.

Ọ̀rọ̀ wá kan irun gbígbẹ. Ibẹ̀ ni mo ti náwó. Calcium inú páálí máa ń kù sára irun, ṣáńpù lásán kì í sì í fọ̀ ọ́ kúrò. Irun mi le, kò dán mọ́, ìpara tí mo bá fi pa á kì í wọlé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, kòǹbù ò lè kọjá kó má já a. Mo ra òróró, mo ra kọ̀ndíṣọ́nà, mo ń lọ gbé orí sábẹ́ stìímà ní Súrùlérè, pàbó ló já sí. Onídìrí kan níbẹ̀ ló sọ fún mi pé ṣáńpù tí wọ́n ń pè ní chelating, èyí tó ń fa calcium kúrò lára irun, ni kí n wá. Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ owó tí mo rà á ju owó páálí fúnra ẹ̀ lọ, ẹ ó sì tún nílò ẹ̀ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá lo páálí.

Látìgbà tí mo ti bọ́ sórí ike, irun mi rọ̀, ó sì ń mu òróró. Ó máa ń yára ta, ìyẹn ni wàhálà ẹ̀. Ẹ fi Vaseline yí etí irun ká, ẹ má họ orí ṣáájú, irun tuntun tó hù nísàlẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fi kàn. Ẹ pọn omi sínú bàkẹ́tì kẹ́ ẹ tó ṣí i o! Bí NEPA bá mú iná lọ tí pọ́ǹpù ò fa omi, ta ló fẹ́ máa wá omi kiri àdúgbò pẹ̀lú sódà lórí? Bó bá ti ń ta yín, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má wo aago.

Èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá, tí kò ní déètì, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má rà á rárá. Ìwádìí tí NIH, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2022 sì so lílo nǹkan tó ń na irun ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún pọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ilé-ọmọ. Ike àti páálí ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn kan. Ẹ máa fi oṣù mẹ́ta sáàárín.

Tẹ́ ẹ bá lẹ́nìkan tó lè dúró lẹ́yìn yín bá yín fi í, tí orí yín kì í sì í tètè ta, ẹ gbé ike. Tí orí yín bá ń ta, ẹ gbé páálí, àmọ́ ẹ ṣírò owó ṣáńpù yẹn mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.