Ẹ ṣọ́ra fún kọ́nfátà AES sí S/PDIF tí wọ́n ń tà fún wa: wáyà lásán ló wà nínú ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe sáǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó náwó. Wọ́n lù mí ní jìbìtì, inú sì ń bí mi gan-an.

AES/EBU (tàbí AES lásán), ìyẹn ọ̀nà ìgbé ohùn dìjítà ti àwọn ẹ̀rọ sítúdíò, ni míksà wa fi ń gbé ohùn jáde, ihò XLR ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ẹ̀rọ tá a fi ń gba ìwàásù sílẹ̀, S/PDIF ló ní, ìyẹn ti àwọn ẹ̀rọ ilé, ihò RCA kékeré. Kọ́nfátà ló yẹ kó yí tàkọ́kọ́ padà sí èkejì. Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún oníṣòwò náà ní ìsọ̀ rẹ̀ l'Ékòó. Mo fi fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀rọ méjèèjì hàn án lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, dìjítà ni dìjítà, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó gbé kọ́nfátà kan kalẹ̀ tó ń dán gbinrin, wọ́n kọ "110/75" sí i lára, ó pè é ní ₦65,000. A ná an títí, ó já sí ₦58,000. Ó tún ta wáyà olómi góòlù lé e, mítà 15, ₦40,000. Owó ṣọ́ọ̀ṣì ni o!

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Ohùn ń já, ó ń ta pàrà bí omi tó kán sínú epo gbígbóná. Iná tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ ti gbá ohùn mú ń tàn, ó ń kú. Àwọn tó wá béèrè ìwàásù lẹ́yìn ìsìn ń wò mí bí ẹni tí ò mọṣẹ́.

Mo tú kọ́nfátà ọ̀hún. Wáyà tín-ín-rín méjì! Ẹsẹ̀ kejì lọ sí àárín RCA, wọ́n sódà ẹsẹ̀ kẹta mọ́ ẹsẹ̀ kìíní, ó parí. Kò sí transformer, ohun kékeré tó ń yí ìwọ̀n iná padà, níbẹ̀ rárá. ₦58,000!

Óòmù (ìwọ̀n ìdènà iná) 110 ni AES ń lò, iná rẹ̀ sì máa ń tó fólítì 2 sí 7. S/PDIF orí RCA, óòmù 75 ni, kò sì ju bí ìdajì fólítì lọ. Transformer ló yẹ kó bá wọn laja, kí iná sì wálẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan á gba wáyà lásán bẹ́ẹ̀, òmíràn á kọ̀. Wáyà mítà 15 yẹn gan-an ti pọ̀ jù fún S/PDIF; mítà 10 ni wọ́n sábà máa ń fi mọ.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò dán an wò lọ́jà. Ṣé kí n ru míksà lọ ni? Ó yẹ kí n ní kó tú u kí n rínú rẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ta ló ń tú ọjà ọlọ́jà kó tó sanwó? Mo béèrè, ó sì purọ́ fún mi lójúkojú. Nígbà tí mo padà lọ, ó ní wáyà mi ni kò dáa. Wáyà tóun fọwọ́ ara rẹ̀ tà fún mi! Bóyá ni mo tún lè gba oníṣòwò kankan gbọ́ ní gbogbo ìlà yẹn.

Ẹ wo ara wáyà AES bóyá wọ́n tẹ óòmù 110 sí i, torí wáyà makirofóònù ni wọ́n ń tà dípò rẹ̀. Ohun mìíràn: AES máa ń fi àmì sínú ohùn pé iṣẹ́ sítúdíò ni, àwọn ẹ̀rọ ilé kan kì í gbà á bí wáyà bá tiẹ̀ dáa, ẹ béèrè. Kẹ́ ẹ sì ní kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ẹ lè dá a padà. Tèmi ò ní in, ohun tó sì fi ń yọ mí lẹ́nu títí di òní nìyẹn.