Páńẹ́lì 11kV tó ń dín àkàrà lóru

Iṣẹ́ irin àwọn tó ṣe páńẹ́lì yìí, àpótí irin tí iná ńlá 11kV (fóltì ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá) ń gbà kọjá, dára, kí n tètè sọ ìyẹn kí inú mi tó tún ru. Ilẹ̀kùn ń tì wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀dà ò bó. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Òkúta là ń fọ́ lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, ẹ mọ bí eruku ibẹ̀ ṣe ń rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo gbọ́ "ṣaa" nínú yàrá iná, bí ìgbà tí epo bá ń hó lábẹ́ àkàrà. Òórùn kan sì ń ta mí nímú. Páńẹ́lì tí ò tíì pé oṣù mẹ́rin!

Mo pe ọ̀gá tó tà á. "Alàgbà, ẹ fọkàn balẹ̀, tírańsífọ́mà lẹ gbọ́." Tírańsífọ́mà tó wà níta lẹ́yìn ògiri! Mo ká ohùn náà, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin kan tí wọ́n rán ló dé láti wá tún un ṣe, òun nìkan. Mo fajú ro. Kò dá mi lóhùn. Ó pa iná láti orí òpó, ó fi àgádágodo tì í, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iná ti lọ lóòótọ́, ó fi wáyà so ó mọ́lẹ̀ kí iná tó bá ṣẹ́kù lè wọlẹ̀ lọ, kó tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ó na tépù: 85mm láàárín básíbà méjì, ìyẹn àwọn ọ̀pá tó ń gbé iná nínú páńẹ́lì. Ó ní fún páńẹ́lì 12kV (òdiwọ̀n tó ga jù tí wọ́n ń kọ sára páńẹ́lì 11kV bíi tèmi) tó gbọ́dọ̀ fara da 75kV bí àrá bá sán, 120mm ni ìlànà IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà iná, fẹ́ bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ló wà láàárín wọn. Wọ́n wá fi pátákó fáíbà pupa dí àléébù náà. Ìyẹn ò burú bí wọ́n bá ti dán gbogbo rẹ̀ wò pa pọ̀. Mo béèrè ìwé ìdánwò. Ó wolẹ̀.

Pátákó ọ̀hún sì fara ti básíbà àárín. "Bàbá, níbi tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra yìí, afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó kù ni iná ń fún mọ́, ó tó ìlọ́po mẹ́rin ti inú pátákó. Afẹ́fẹ́ ò lè gbà á, ló ṣe ń ké." Ó fi ìyẹ̀fun funfun hàn mí, àti ilà dúdú tó ń rìn lórí pátákó bí ọ̀wọ́ èèrà. Eruku wa àti ọ̀rinrin ló la ọ̀nà fún un. Hítà tó yẹ kó máa lé ọ̀rinrin ńkọ́? Wáyà rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá, wọn ò so ó rárá!

Ó gbé pátákó tuntun sáàárín gbùngbùn, kò kan ibì kankan. Ó fi rọ́bà tó ń fún mọ́ irin bo básíbà, ó so hítà. Ó kọ owó tí mo fún un, àmọ́ ó jẹ láfún wa, ó tún bù sí i. Láti ìgbà náà, wẹ́ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá fi ìwé owó pátákó tuntun ránṣẹ́ sí mi. Èmi! Ó ṣì wà lórí tábìlì níbí, mo fi gbé ife tíì lé.

Ìràwọ̀: 4 nínú 5.